Ikọ́ Fée Pẹ̀lú Àyà Títa: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Ohun Tí À Ń Náwó Lé, Láti Orí Ìrọ̀rí Dé Orí Oògùn

Ẹni tí ikọ́ fée, tí àwọn dókítà ń pè ní asthma, ń bá jà, tí omi kíkan inú ikùn sì tún máa ń gòkè wá sí i lọ́fun lóru, mọ̀ pé owó tó ń bá àìsàn méjèèjì lọ kò kéré. Ilé oògùn yóò ta ìnhélà, ike oògùn tí a ń fà sẹ́nu fún èémí, fún un, yóò tún ta oògùn inú fún un, èyí tó wà fún omi kíkan ikùn, àwọn mìíràn yóò sì máa polówó ìrọ̀rí onígẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kò ní nílò nǹkan mìíràn mọ́ tó bá ti rà á. Ìbàdàn ni mò ń gbé, àìsàn méjèèjì ló wà lára mi, mo sì ti lo àwọn nǹkan tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí pẹ́ tó láti mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè ṣe àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ìdájọ́ mi nìyí: kí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kọ́kọ́ ra ìnhélà ìdènà, èyí tí a ń fà lójoojúmọ́, kí ó wá ohun tí yóò máa jẹ́ kí oògùn ìnhélà náà dé ẹ̀dọ̀fóóró, kí ó sì gbé ìgbèrí ibùsùn rẹ̀ sókè. Oògùn inú ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni yóò wo èémí sàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ́kọ́ sáré lọ rà.

Ó yẹ kí a mọ bí àìsàn méjèèjì ṣe so kọ́ra kí a tó lè mọ ohun tí à ń fi owó rà. Níbi tí ọ̀nà oúnjẹ ti wọ inú ikùn, iṣan kan wà níbẹ̀ tó ń fún pọ̀ bí ẹnu àpò tí a fi okùn fà. Bí iṣan yìí bá dẹ̀, omi kíkan tí ikùn fi ń da oúnjẹ yóò máa rú sókè, àyà yóò sì máa ta èèyàn. Ọ̀nà méjì ni omi yìí lè gbà dá èémí láàmú. Nígbà mìíràn, díẹ̀ nínú rẹ̀, tó kéré débi pé ẹni tó ń sùn kò ní mọ̀, lè gba ọ̀fun wọ inú ihò èémí, kí ó sì mú kí ara ihò náà wú. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò sí omi kankan tó dé ibẹ̀ rárá: iṣan ìmọ̀lára kan náà, tí wọ́n ń pè ní vagus, ló ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀nà oúnjẹ àti fún ihò èémí, tí omi kíkan bá sì ti ta ọ̀nà oúnjẹ nísàlẹ̀, èsì tí ọpọlọ yóò dá padà lè mú kí ihò èémí fún pọ̀. Ikọ́ fée náà ń ṣe tirẹ̀ fún ikùn. Tí èèyàn bá ń fi agbára mí, tó sì ń wúkọ́ gidigidi, ìtìpa tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín àyà àti ikùn máa ń ti omi náà sókè, àwọn oògùn ikọ́ fée àtijọ́ kan tí àwọn àgbàlagbà wa ṣì ń gbé mì, bí aminophylline àti theophylline, sì máa ń dẹ iṣan ẹnu ikùn. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń gbé ọ̀kan nínú wọn mì, tí àyà sì ń ta á, fi gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún dókítà rẹ̀, nítorí oògùn mìíràn wà tó lè rọ́pò rẹ̀.

Ìrọ̀rí onígẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Fóòmù ni, apá kan rẹ̀ ga, ó sì ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé ìdí, kí orí, èjìká àti àyà ẹni tó sùn lé e lè ga ju ikùn rẹ̀ lọ. Ohun tí à ń wá ni pé kí omi ikùn tó bá gòkè tètè rí ọ̀nà padà sísàlẹ̀, kí ó má pẹ́ lọ́nà oúnjẹ. Sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 ni gíga tí àwọn dókítà sábà máa ń dámọ̀ràn, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ínṣì 6 sí 8. Èyí tó gùn, tó gbé mi láti ìbàdí dé orí, ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa: kíkan ẹnu ní àárọ̀ dínkù, ikọ́ ọ̀gànjọ́ náà sì dínkù. Èyí tó kúrú kò yàtọ̀ sí ìrọ̀rí lásán méjì tàbí mẹ́ta tí a tò léra. Orí àti ọrùn nìkan ló ń gbé sókè, ara yóò ká níbi ìbàdí, ikùn yóò fún pọ̀, ohun tí a ń sá fún yóò sì tún pọ̀ sí i. Kí ẹni tó fẹ́ rà á fi ìgúnpá tẹ̀ ẹ́ níbi tó ga jù. Bí ìgúnpá bá rì wọlé títí tó fi kan ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, fóòmù náà yóò pẹlẹbẹ lábẹ́ ara àgbàlagbà láìpẹ́.

Mo tún ní ẹ̀sùn mìíràn sí ìrọ̀rí yìí, nítorí pé àwọn tí ikọ́ fée kò ṣe ni wọ́n sábà máa ń kọ̀wé nípa rẹ̀, wọn kì í sì í ronú kan àwa. Fóòmù tuntun máa ń ní òórùn, òórùn líle sì wà lára ohun tó ń mú ihò èémí elòmíràn fún pọ̀. Ẹ tú u sílẹ̀ kúrò nínú ọ̀rá rẹ̀, kí ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ títí òórùn náà yóò fi lọ, kí ẹ tó gbé e wọ yàrá. Àwọn kòkòrò wíńníwíńní tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń gbé inú fóòmù, tí wọ́n sì ń jẹ èépá ara wa, tún jẹ́ ọ̀tá ẹni tó ní ikọ́ fée. Nítorí náà, ìrọ̀rí tí aṣọ ara rẹ̀ kò ṣeé bọ́ kò yẹ ní rírà. Kí aṣọ náà ṣeé bọ́, kí ó sì lè fara da omi gbígbóná, nítorí omi tó tó 60°C ló ń pa àwọn kòkòrò náà. Ooru náà kò ṣeé gbójú fò. Fóòmù tó ki máa ń mú ooru ara dúró, ní òru tí kò bá sí iná ọba, òógùn lè jẹ́ kí èèyàn ti ìrọ̀rí náà sẹ́yìn láìmọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Aṣọ tó ń yọ̀ ní àbùkù tirẹ̀: ara á máa yọ̀ wálẹ̀ lórí rẹ̀, nígbà tó bá fi máa di ìdájí, ẹsẹ̀ nìkan ló ti lọ jìnnà, àyà sì ti wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn ju ìrọ̀rí náà lọ ni igi méjì tí gbẹ́nàgbẹ́nà lè gé, tó gbẹ́ ihò díẹ̀ sí lórí kí ẹsẹ̀ ibùsùn má bàa yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, tí a wá fi sábẹ́ ẹsẹ̀ ibùsùn méjèèjì tó wà níhà orí. Ibùsùn lódindi ló máa dagun. Ara kò ní ká, ikùn kò ní fún pọ̀, kò sí fóòmù tuntun tí yóò gba ooru tàbí tí kòkòrò yóò wọ̀, ẹni náà sì lè yí ara padà bó ṣe fẹ́. Búlọ́ọ̀kù lè ṣe é, ṣùgbọ́n ó máa ń ha ilẹ̀, ẹsẹ̀ ibùsùn sì lè yọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Igi ni mo fọwọ́ sí. Ẹni tó ń fi fóòmù sùn lórí ilẹ̀ lè tẹ́ pákó tó dagun sábẹ́ fóòmù náà níhà orí. Tọkọtaya tó ń sùn pọ̀ ní láti fohùn ṣọ̀kan, nítorí ẹni kejì náà yóò máa sùn ní ìdagun. Níbi tí kò bá ti ṣeé ṣe, tàbí tí ibùsùn náà jẹ́ irú èyí tí kò lẹ́sẹ̀, níbẹ̀ ni ìrọ̀rí onígẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti wúlò jù, àti fún ẹni tó máa ń rìnrìn àjò. Èyíkéyìí tí a bá lò nínú méjèèjì, kí a fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn. Bí ikùn ṣe tẹ̀ nínú ara, ẹ̀gbẹ́ òsì máa ń jẹ́ kí omi rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà oúnjẹ, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sì máa ń gbé e sún mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ ìnhélà ló kàn, ibẹ̀ gan-an sì ni ọkàn mi wà jù. Oríṣi méjì tí a gbọ́dọ̀ mọ̀ yàtọ̀ síra ló wà. Ìnhélà ìtura, bí Ventolin aláwọ̀ búlúù tí gbogbo ènìyàn mọ̀, máa ń tú iṣan tó fún ihò èémí pọ̀ ká láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, agbára rẹ̀ sì máa ń tó nǹkan bíi wákàtí 4 sí 6. Kò ṣe nǹkan kan sí wíwú tó wà nínú ihò náà. Ìnhélà ìdènà, tí oògùn steroid díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ni ó ń pa wíwú náà rẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí a bá ń fà á lójoojúmọ́, kódà ní ọjọ́ tí ara bá yá. Láti ọdún 2019 ni GINA, ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ikọ́ fée, ti sọ pé kí a má ṣe fi ìnhélà ìtura nìkan tọ́jú àgbàlagbà tàbí ọ̀dọ́ mọ́, nítorí ẹni tó bá gbójú lé e nìkan wà nínú ewu ìkọlù líle, bí ó tilẹ̀ dà bíi pé ó ń rí ìtura. Ìmọ̀ràn yìí kò tíì dé etí gbogbo ènìyàn lọ́dọ̀ wa. Mo mọ àwọn tí wọ́n ń ra ìnhélà búlúù léraléra, tí wọ́n tún ń ra oògùn inú kún un, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì sọ̀rọ̀ ìnhélà ìdènà fún wọn rí. Ó dùn mí gidigidi, nítorí òun gan-an ni ìbá gbà wọ́n.

Owó ló ń dí ẹlòmíràn lọ́wọ́, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé mi ò mọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ilé iṣẹ́ GlaxoSmithKline tó ń kó Ventolin àti ìnhélà ìdènà tí wọ́n ń pè ní Seretide wọ Nàìjíríà nígbà náà kéde pé òun ń kógbá wọlé ní orílẹ̀-èdè yìí, láti ìgbà náà sì ni iye ìnhélà ti fò sókè kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìdílé. Oògùn tí kì í ṣe orúkọ ńlá, tó ní irú èròjà kan náà nínú, wà lórí àtẹ, apòògùn sì lè fi hàn yín: ẹ bèèrè orúkọ èròjà náà, bíi budesonide, beclometasone tàbí fluticasone, kí ẹ má kàn máa bèèrè orúkọ ilé iṣẹ́. Kí ẹni tó bá fẹ́ yí padà kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí ìwọ̀n wọn kò dọ́gba.

Ohun tó tẹ̀lé ìnhélà ni spacer, ike oníhò tó ń gba oògùn tí ìnhélà bá tú jáde dúró kí èèyàn lè fà á díẹ̀díẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo yẹ̀ wò, òun ni mo lè fi gbogbo ẹnu yìn. Bí a bá fi ìnhélà sẹ́nu lásán tí a tẹ̀ ẹ́, púpọ̀ nínú oògùn náà máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀fun, kì í dé ẹ̀dọ̀fóóró, àgàgà tí ọwọ́ àti èémí kò bá jọ lọ. Fún ẹni tí omi ikùn ń dà láàmú, ewu kejì tún wà níbẹ̀: steroid tó bá jókòó sí ọ̀fun máa ń mú kí ohùn há, ó sì máa ń fa funfun inú ẹnu, ohùn tó há àti ọ̀fun tó ń ta sì tún jẹ́ àmì omi kíkan tó ń gòkè. Ẹni tí kò lo spacer kò ní mọ èyí tó ń ṣe é nínú méjèèjì, yóò sì máa fi kún oògùn inú lásán. Láti ìgbà tí mo ti ń lò ó, tí mo sì ń yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, mo mọ̀ pé bí ohùn mi bá há, ikùn ni kí n yẹ̀ wò. Bí a ṣe ń lò ó kò le: a ó mi ìnhélà náà, a ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a ó fà á wọlé díẹ̀díẹ̀, a ó sì dá èémí dúró títí dé nǹkan bíi ìṣẹ́jú-àáyá 10, tàbí kí a mí wọlé mí jáde nínú rẹ̀ bíi ìgbà márùn-ún. Tí a bá tún fẹ́ fà á, a ó tún un tẹ̀, kí á má ṣe tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì pa pọ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí a fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, kí a sì jẹ́ kí ó gbẹ fúnra rẹ̀ láìfi aṣọ nù ún, nítorí fífi aṣọ nù ún máa ń mú kí oògùn lẹ̀ mọ́ ara ike. Ìnhélà onílẹ́búlẹ́bú, bíi Turbuhaler, kì í lo spacer rárá; ẹnu ni a fi ń fà á pẹ̀lú agbára, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ta méjèèjì pọ̀ fún yín.

Bí owó spacer bá ṣòro, ìgò omi mímu onídajì lítà lè ṣe é. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán: Heather Zar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cape Town, ní Gúúsù Áfíríkà, dán ìgò ike mílílítà 500 wò lára àwọn ọmọdé tí ikọ́ fée kọlù, wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní ọdún 1999, ohun tí wọ́n sì rí ni pé ó ṣiṣẹ́ bíi spacer tí a rà. A ó dá ihò sí ìdí ìgò náà tó bá ẹnu ìnhélà mu rẹ́gírẹ́gí, a ó lẹ̀ ẹ́ yíká kí afẹ́fẹ́ má bàa yọ, ẹnu ìgò ni a ó sì máa fi fà á. Inú ilé tí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ti ní àìsàn yìí, ohun yìí lè gba ẹ̀mí là ní alẹ́ tí ilé oògùn ti tì.

Oògùn inú wá kù. Nínú wọn, Gaviscon olómi ni mo fi ṣe àkọ́kọ́, nítorí ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ bá ìṣòro wa mu. Èròjà alginate tí wọ́n ń rí láti ara koríko inú òkun wà nínú rẹ̀. Tó bá pàdé omi kíkan, yóò di ohun tó ki tó ń léfòó lójú omi ikùn, tí yóò sì dí i lọ́nà kí ó má bàa gòkè. Lẹ́yìn oúnjẹ àti nígbà tí a bá fẹ́ sùn ni a ń mu ún, tí a bá mu ún ṣáájú oúnjẹ, oúnjẹ yóò kàn tú u ká. Ó tètè ń ṣiṣẹ́, kò sì ní kí a máa mu ún títí ayé. Iyọ̀ sodium wà nínú rẹ̀, nítorí náà kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín má ṣe mu ún láìbéèrè. Kí a sì fi nǹkan bíi wákàtí méjì sáàárín rẹ̀ àti àwọn oògùn mìíràn, kí ó má bàa dí wọn lọ́wọ́. Ranitidine tí ọ̀pọ̀ ṣì ń bèèrè ní ilé oògùn kò yẹ ní rírà mọ́: ní ọdún 2020, àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ nítorí èròjà NDMA tó lè fa jẹjẹrẹ tí wọ́n rí nínú rẹ̀.

Omeprazole ni èyí tí wọ́n ń tà jù, òun sì ni èyí tí a kì í lò bó ṣe yẹ. Ó máa ń dín kíkan omi ikùn kù. Kì í dá omi náà dúró kí ó má gòkè. Ìdajì wákàtí ṣáájú oúnjẹ àárọ̀ ni kí a gbé e mì, odindi, láìjẹ ẹ́ lẹ́nu. Ẹni tó bá ń gbé e mì lẹ́yìn iyán tàbí ẹ̀bà ní alẹ́ ń fi agbára rẹ̀ ṣòfò. Ó sì máa ń gba ọjọ́ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́ tán, nítorí náà kò wúlò fún àyà tó ń ta báyìí. Fún ẹni tí àyà ń ta dájúdájú, oògùn dáadáa ni, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí àyà kò ta, tí wọ́n kàn sọ fún pé bóyá ikùn ló ń fa ikọ́ rẹ̀, ẹ̀rí tó wà kò dára. Ní ọdún 2009, àwọn oníwádìí ẹgbẹ́ ìtọ́jú ẹ̀dọ̀fóóró ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé àyẹ̀wò kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine. Àgbàlagbà 412 tí ikọ́ fée wọn kò gbọ́ oògùn dáadáa tí wọ́n sì ní àmì omi ikùn díẹ̀ tàbí tí wọn kò ní rárá ló wà nínú rẹ̀, àwọn kan lo esomeprazole, tó jẹ́ irú kan náà pẹ̀lú omeprazole, mílígíráàmù 40 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 24, àwọn yòókù lo oògùn àfarawé tí kò ní èròjà kankan nínú. Kò sí ìyàtọ̀ nínú ikọ́ fée wọn. Ní ọdún 2012, àyẹ̀wò mìíràn lára àwọn ọmọdé 306 jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA: lansoprazole, tí òun náà jẹ́ irú omeprazole, kò tún mímí wọn ṣe, àìsàn ọ̀nà èémí bí ọ̀fìnkìn sì pọ̀ sí i lára àwọn tó lò ó. Èyí ló mú kí n máa bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n má ṣe fi oògùn yìí dán ọmọ wọn wò nítorí ikọ́ nìkan. Bí dókítà bá fún àgbàlagbà ní omeprazole, kí ó bèèrè ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró, nítorí lílo rẹ̀ pẹ́ láìnídìí lè dín èròjà magnesium àti fítámì B12 kù lára, ó sì lè jẹ́ kí egungun tètè ṣẹ́. Kí ó má sì kàn fi í sílẹ̀ lójijì, nítorí kíkan ikùn lè padà wá pẹ̀lú agbára fún ìgbà díẹ̀.

Ohun èlò tí mo rò pé ó yẹ kí ó wà nílé gbogbo ẹni tó ní àìsàn méjèèjì ni ẹ̀rọ kékeré peak flow, tí a ń fẹ́ èémí sí pẹ̀lú gbogbo agbára, tí àmì inú rẹ̀ sì ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń yára jáde tó. Kò nílò iná, kò nílò bátìrì. Ohun tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni pé òun nìkan ló lè sọ fún mi bóyá àyà tó fún mi jẹ́ ti èémí tàbí ti ikùn. A ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta, a ó kọ èyí tó ga jù sílẹ̀, láàárọ̀ àti ní alẹ́, títí a ó fi mọ iye tó ga jù lọ fún ara wa nígbà tí ara bá dá. Bí àyà bá fún, tí iye náà sì já wálẹ̀, tí ó sì gòkè padà lẹ́yìn ìnhélà ìtura, ìṣòro náà wà nínú ihò èémí. Bí iye náà bá wà níbi tó máa ń wà, tí ẹnu sì kan, tí àyà ń ta lẹ́yìn oúnjẹ, Gaviscon àti jíjókòó tààrà ló ṣeé ṣe kí ó ràn án lọ́wọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí ìṣírò yìí dá òun dúró láti fa ìnhélà bí èémí bá ti há, kí ẹni tí ìrora àyà bá sì ta dé apá tàbí àgbọ̀n, tó ń làágùn, má ṣe pè é ní àyà títa, ilé ìwòsàn ni kí ó lọ lójú ẹsẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ ọkàn. Ìwé tí mo ń kọ àwọn iye náà sí ni dókítà máa ń kọ́kọ́ bèèrè báyìí.

Mo máa sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa oúnjẹ, nítorí kò gba owó lọ́wọ́ ẹni. Wákàtí mẹ́ta láàárín oúnjẹ alẹ́ àti oorun ló ràn mí lọ́wọ́ ju yíyọ ata kúrò lọ. Àmàlà kò ní láti kúrò nílé. Kí ó kéré, kí ó sì jẹ́ ọ̀sán. Oúnjẹ tí epo pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń pẹ́ níkùn, ọtí náà sì máa ń dẹ iṣan ẹnu ikùn, àti àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ọtí ṣe. Oògùn ara ríro bíi ibuprofen àti aspirin máa ń ta ikùn, wọ́n sì lè mú kí ikọ́ fée kọlu àwọn kan. Propranolol tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru náà léwu fún ẹni tó ní ikọ́ fée. Gbogbo ẹni tó bá kọ oògùn fún yín gbọ́dọ̀ gbọ́ orúkọ àìsàn méjèèjì.

Bí ìkọlù bá dé, tí èèyàn kò lè sọ gbólóhùn kan parí, tí ètè ń ṣú, tàbí tí iye peak flow kò tó ìdajì èyí tó dára jù, kí ó jókòó tààrà, kí ó fa ìnhélà ìtura nínú spacer lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 30 sí 60 títí dé ìgbà mẹ́wàá, kí wọ́n sì máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má dúró de ìtura. Ẹni tó bá ń fa ìnhélà ìtura ju ìgbà méjì lọ lọ́sẹ̀, tàbí tí ikọ́ ń jí lóru, kò tíì dé ibi tí a ń lọ, kí ó padà sọ́dọ̀ dókítà. Ẹni tí oúnjẹ kì í kọjá lọ́fun rẹ̀ mọ́, tó ń bì ẹ̀jẹ̀, tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú, tàbí tó ń rù láìmọ̀dí, kò gbọ́dọ̀ máa fi oògùn inú tàn ara rẹ̀ jẹ. Wọn ní láti yẹ ikùn rẹ̀ wò.

Nígbà tí ẹ bá ń ra ìnhélà, ilé oògùn tó ní apòògùn ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kí ẹ sì yan èyí tó ní ònkà lára bí ẹ bá rí i. Mímì tí a máa ń mì í láti mọ̀ bóyá oògùn ṣì kù kò ṣeé gbọ́kàn lé, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń ti oògùn jáde lè máa tú lẹ́yìn tí oògùn ti tán. Ventolin tó kún ní ìfà 200. Bí tiyín kò bá ní ònkà, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sára rẹ̀, kí ẹ máa ṣírò iye tí ẹ ti fà, kí ẹ sì ti ra òmíràn kí ó tó ku ogún.